Ìbéèrè Tí Olúdàpọ̀ Kò Lè Bi Màmá Láoyè

Bí ẹ bá rí ọkùnrin kan ní àdúgbò Wedding ní Berlin tó ń jẹ búrẹ́dì lórí ìdúró, tó ń so okùn bàtà lórí àtẹ̀gùn, tí ojú rẹ̀ sì ti wà níbi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì dé, ẹ pè é ní Olúdàpọ̀, yóò dá yín lóhùn. Ṣùgbọ́n ẹ tètè pè é o, torí kò ní pẹ́ kúrò níbẹ̀. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ti sọ ọ́ ní Dàpọ̀ Kìíjókòó. Kò bínú sí i, torí òun náà mọ̀ pé wọn ò purọ́ mọ́ òun. Láti kékeré ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni ìdí rẹ̀ kì í ti í gbélẹ̀. Ó gbé Ìbàdàn, ó ṣí lọ sí Èkó. Èkó sú u, ó wá sí Jámánì. Ó dé Hamburg, ó kúrò ní Hamburg lọ sí Leipzig, ó kúrò ní Leipzig wá sí Berlin. Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, ó ti ń yọ́ wo iṣẹ́ kan tí wọ́n polówó ní Dublin, ó sì rò pé ìyàwó òun gbà pé bọ́ọ̀lù ni òun ń wò lórí fóònù.

Mojíbọ́lá ni ìyàwó náà. Nọ́ọ̀sì ni, ara rẹ̀ sì balẹ̀ bí omi inú àmù. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, Olúwadárasími, ti wọ ilé-ìwé báyìí. Yorùbá ni wọ́n ń bá a sọ, èdè Jámánì ló fi ń dá wọn lóhùn. Nídìí oúnjẹ, ọmọ náà a fa àga sẹ́yìn fún bàbá rẹ̀, a ní, "Papa, setz dich doch mal hin!" Ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó tiẹ̀ jókòó ná. Dàpọ̀ a rẹ́rìn-ín, a jókòó. Kí ọmọ tó bu oúnjẹ sẹ́nu lẹ́ẹ̀kejì, bàbá ti dìde, ó ń wá iyọ̀ tó wà níwájú rẹ̀.

Iṣẹ́ tó ń ṣe bá ẹsẹ̀ rẹ̀ mu. Ilé-iṣẹ́ kékeré kan wà nítòsí Seestraße, obìnrin kan tó ń jẹ́ Lena ló ni ín, wọ́n ń tọ́jú kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ ọ́fíìsì fún àwọn oníṣòwò kéékèèké. Ní ọdún yìí, iṣẹ́ kan ló gba gbogbo iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ẹ mọ àwọn ẹ̀rọ gàgàrà inú ọ́fíìsì, èyí tí ẹ ó fi ìwé sí lẹ́nu, tí á ya àwòrán rẹ̀, tí á sì fi ránṣẹ́ bí ímeèlì? Sikánà là ń pè é. Tẹ́lẹ̀, ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á kọ ímeèlì olóhun àti páswọ́ọ̀dù rẹ̀ sínú ẹ̀rọ, ó parí. Ẹ̀rọ á máa gbé kọ́kọ́rọ́ ilé ọ̀gá rẹ̀ kiri nínú ikùn. Olè tó bá mọ ọ̀nà á kàn ki ọwọ́ bọ ikùn ẹ̀rọ, á mú kọ́kọ́rọ́, á wọlé. Àwọn tó ń bójú tó ímeèlì wá sọ pé ó tó gẹ́ẹ́. Wọ́n ní láìpẹ́, ẹ̀rọ tó bá tún gbé páswọ́ọ̀dù wá sẹ́nu ọ̀nà àwọn, àwọn ò ní ṣílẹ̀kùn fún un.

Ọ̀nà tuntun tí wọ́n là sílẹ̀ nìyí: ẹni tó ni ímeèlì fúnra rẹ̀ ni yóò mú fóònù rẹ̀, tí yóò fọwọ́ sí i pé bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni mo rán ẹ̀rọ yìí níṣẹ́. Wọ́n á wá fún ẹ̀rọ ní ohun kan tó dà bíi káàdì tí wọ́n ń fi kọ́ àlejò lọ́rùn lẹ́nu géètì. Kò sí kọ́kọ́rọ́ kankan lọ́wọ́ ẹ̀rọ mọ́. Ìgbà tó bá wu olóhun ló lè gba káàdì rẹ̀ padà. Dàpọ̀ fẹ́ràn iṣẹ́ yìí gan-an, torí kì í mú un pẹ́ níbì kan. Á wọlé, á tún ẹ̀rọ ṣe, á jáde, ó di Moabit, ó di Pankow, ó di ọ̀nà.

Lena fi òfin kan lé e lọ́wọ́ ṣá. Ó ní níbikíbi tó bá ti ṣe é, èèyàn méjì ni kó lágbára láti fọwọ́ sí i, kì í ṣe ẹnì kan, torí bí ẹnì kan yẹn ò bá sí ńkọ́? Ojú kọ̀ǹpútà pàápàá ń béèrè rẹ̀. Àwọn oníbàárà tó jẹ́ ọmọ Jámánì kì í ka ìbéèrè yìí sí nǹkan kan. Dókítà eyín kan ní Moabit ní, "Bí mo bá kú, ìyàwó mi ni. Bí ìyàwó mi náà bá kú, ẹ gbé ẹ̀rọ náà jù nù." Ó sọ ọ́ tán, ó ń mu kọfí rẹ̀ lọ. Ara Dàpọ̀ bù máṣọ. Ó ń sọ "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́" lábẹ́ èémí bó ṣe ń kọ orúkọ ìyàwó onítọ̀hún sílẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá di ọ̀rọ̀ ni Hamburg.

Ní Rothenburgsort, níbi tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù máa ń tò sí lẹ́bàá odò Elbe, ni Màmá Láoyè ní ọ́fíìsì àti ilé ìkẹ́rùsí rẹ̀ sí. Morísọ́lá ni orúkọ àbísọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló tó bẹ́ẹ̀ láti pè é? Ó ń kó ẹrù ránṣẹ́ sí Èkó: fíríìjì àlòkù, mátírẹ́ẹ̀sì, ẹ̀yà ara ọkọ̀, àti àwọn dúrọ́ọ̀mù tí àwọn èèyàn fi aṣọ àti ọṣẹ kún fún ìyá wọn nílé. Ohun kan ló fi ń yangàn: láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀, kò sí kọ̀ńténà rẹ̀ kan tí ọkọ̀ ojú omi fi sílẹ̀ lọ rí. Bí Màmá Láoyè bá ti sọ pé ẹrù yín ń lọ lọ́sẹ̀ yìí, ẹ pe ìyá yín kó máa retí. Orúkọ yẹn ni gbogbo òwò rẹ̀.

Òun ló gba Dàpọ̀ sílé nígbà tí ó kọ́kọ́ dé Hamburg, tí yàrá tí wọ́n ní àwọn gbà fún un wá di àlá. Ẹnì kan ló ṣèèṣì fi Dàpọ̀ han Màmá ní ibùdó rélùwéè, òun pẹ̀lú báàgì rẹ̀. Màmá ò bi í ní ọmọ ta ni. Ó ní kó gbé báàgì sínú ọkọ̀. Ilé gogoro kan ní Jenfeld ni wọ́n jọ gbé, pálọ̀ Màmá ni Dàpọ̀ ń sùn títí tó fi ríṣẹ́. Bó ṣe ríṣẹ́ ló ṣí lọ, bí ìṣe rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò pè é ní ohun mìíràn ju ìyá mi lọ láti ọjọ́ yẹn, ohun tó sì sọ fún Lena náà nìyẹn nígbà tí iṣẹ́ Hamburg dé: "Ìyá mi ló ni ín, èmi ni kí ẹ rán."

Ó ku ohun kan tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀. Ọkọ Màmá ti kú, Màmá ò sì bímọ. Gbogbo ọmọ Yorùbá tó wà ní Hamburg ló mọ̀ ọ́n, kò sì sí ẹni tó jẹ́ fi ẹnu kàn án lójú rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí Dàpọ̀ lọ tún sikánà ọ́fíìsì Màmá ṣe, Màmá jókòó tì í pẹ̀lú fóònù rẹ̀ lọ́wọ́, Tinúkẹ́ dúró lẹ́yìn wọn. Tinúkẹ́ ni ọmọbìnrin tó ń ṣe ìwé ẹrù nínú ọ́fíìsì náà. Òun ló ń fi ìwé kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀rọ lẹ́nu, tó ń fi í ránṣẹ́ láti ímeèlì Màmá sí àwọn tó ni ọkọ̀ ojú omi. Àwọn yẹn kì í gba ìwé láti ímeèlì mìíràn, torí gbájú-ẹ̀ kan ti fi orúkọ ẹlòmíràn gba ẹrù lọ́wọ́ wọn rí. Gbogbo rẹ̀ ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, àfi ìgbà tí ojú kọ̀ǹpútà béèrè pé: bí ẹni yìí kò bá sí, ta ni yóò máa fọwọ́ sí i nípò rẹ̀?

Dàpọ̀ ka ìbéèrè náà tán, ó tún un kà. Báwo ni èèyàn ṣe ń sọ irú èyí fún àgbà? Bí ẹ ò bá sí. Bí ẹ ò bá sí mọ́. Ta ló máa jókòó sí àga yín? Kí a bi olọ́mọ pàápàá, ó burú. Kí a wá bi Màmá, tí kò bí ẹnì kankan?

"Kí ló ń wí?" Màmá béèrè. Jámánì tí wọ́n ń sọ lẹ́nu ló gbọ́, kì í ka èyí tí wọ́n kọ sójú kọ̀ǹpútà.

"Ó ní ṣé ká tẹ̀ síwájú, Màmá."

"Kí ló dé tí o ò tẹ̀ síwájú, nígbà náà?"

Dàpọ̀ fo ìbéèrè náà dá. Tinúkẹ́, tó ń ka Jámánì bí ẹni mu omi, rí ohun tó ṣe. Ó wo Dàpọ̀, Dàpọ̀ wò ó, àwọn méjèèjì gbójú sílẹ̀. Kí ni Tinúkẹ́ ìbá sọ? Bó bá la ẹnu, á dà bíi pé ó ń wo ìjókòó ọ̀gá rẹ̀. Nígbà tí Lena béèrè pé ta ni ẹnì kejì, Dàpọ̀ ní kò sí, pé bí oníbàárà ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn. Irọ́ nìyẹn, ó sì mọ̀.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí irọ́ náà tó jí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan báyìí, Dàpọ̀ wà ní abẹ́ tábìlì oníbàárà kan ní Pankow, ó ń fa wáyà, ni fóònù rẹ̀ dún.

"Bọ̀dá Dàpọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀rọ ò rán ìwé o." Tinúkẹ́ ni, láti Hamburg. "Ó ní kí ẹni tó ni ímeèlì wá fọwọ́ sí i lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo ti pa á, mo ti tàn án, same thing."

"Ẹ jẹ́ kí Màmá fọwọ́ sí i."

Tinúkẹ́ rẹ ohùn sílẹ̀. "Màmá ò sí nílé. Wọ́n ní n ò gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n wà ní hòsípítù, wọ́n ń ṣe orúnkún wọn lónìí."

Dàpọ̀ fi orí gbá tábìlì bó ṣe fẹ́ dìde. "Kí ni wọ́n ṣe sí ímeèlì kí wọ́n tó lọ?"

"Ohun tí wọ́n máa ń ṣe náà ni. Wọ́n pààrọ̀ gbogbo rẹ̀."

Àṣà Màmá nìyẹn. Bí ó bá fẹ́ rìnrìn-àjò, yóò pààrọ̀ àgádágodo ilé ìkẹ́rùsí, yóò pààrọ̀ páswọ́ọ̀dù, kí ẹni tó bá ti ń ṣọ́ ọwọ́ òun má baà wọlé lẹ́yìn òun. Láyé àtijọ́, á tẹ páswọ́ọ̀dù tuntun sínú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ kó tó jáde. Níwọ̀n ìgbà tí Dàpọ̀ ti wá sọ fún un pé ẹ̀rọ ò gbé páswọ́ọ̀dù mọ́, kò tún yà sí ìdí ẹ̀rọ. Kò mọ̀ pé bí olóhun bá ti pààrọ̀ páswọ́ọ̀dù, gbogbo káàdì àlejò tó ti pín tẹ́lẹ̀ á kú. Ṣùgbọ́n Dàpọ̀ mọ̀. Ìdí tí wọ́n fi ń wá ẹnì kejì gan-an nìyẹn.

"Ọkọ̀ ojú omi ńkọ́?" ó béèrè.

"Ìrọ̀lẹ́ òní ni wọ́n ń ti ìwé, wọn ò ní gba ti ẹnikẹ́ni mọ́. Kọ̀ńténà ti wà ní èbúté. Bí ìwé ò bá dé, wọ́n á fi sílẹ̀. Mo pe hòsípítù, wọ́n ní ẹbí nìkan làwọn ń dá lóhùn. N ò lè kúrò níbí, torí ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà nídìí ẹ̀rọ nígbà tí wọ́n bá fọwọ́ sí i. Bọ̀dá Dàpọ̀, kọ̀ńténà Màmá ò dúró sílẹ̀ rí o!"

Dàpọ̀ ò mọ ìgbà tó dé ọ̀dọ̀ Lena. Ó ro ẹjọ́ náà lórí ìdúró, ó ń lọ sí ojú fèrèsé, ó ń bọ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn. Lena gbọ́ ọ tán, ó bi í ní ìbéèrè kan péré: "Ta ni ẹnì kejì?" Lena wò ó títí, ó ní, "Lọ bá ìyá rẹ." Ì bá tiẹ̀ sàn fún Dàpọ̀ ká ní ó bú u.

Ojú irin Berlin sí Hamburg ń bẹ lábẹ́ àtúnṣe lásìkò yẹn, ọ̀nà jíjìn tó yí po ni ọkọ̀ ń gbà. Ìyà tó dára fún Dàpọ̀ ni. Kò lè sáré ju ọkọ̀ lọ, kò sì lè jókòó sínú rẹ̀. Ó rin ọkọ̀ náà láti ìdí dé orí, ó tún rìn ín padà. Ìyá àgbà Jámánì kan tó gbé ajá lé itan bi í bóyá ó ń wá nǹkan. Ó ní rárá. Ó tún rìn kọjá, ajá náà ti mọ̀ ọ́n. Pápá ń lọ, ọkọ̀ ń rọra, gbogbo ìlú kéékèèké tí kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí ni ọkọ̀ ń dúró kí. Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn ò pọ̀: obìnrin tó gbé e wọlé lójú títì, ibi tó dùbúlẹ̀ sí ni orúkọ rẹ̀ yóò ti bàjẹ́, ọwọ́ òun Dàpọ̀ ni yóò sì ti wá.

Ó pe Mojíbọ́lá, ó ro gbogbo rẹ̀ fún un.

"O ò bi wọ́n?" ni Mojíbọ́lá wí.

"Báwo ni màá ṣe bi wọ́n, Mojí? Ṣé kí n wo ojú Màmá kí n ní bí ẹ bá kú?"

"Ta ló ní kó o sọ pé bí ẹ bá kú? Ojoojúmọ́ ni èmi ń bi àwọn èèyàn kí wọ́n tó gbé wọn wọlé iṣẹ́ abẹ. Ta ni ká pè? Kò sí ẹni tó gbá mi létí rí." Ó mí kanlẹ̀. "Dàpọ̀, lọ jókòó sórí àga. O ń mí bí ẹni tó ń ti ọkọ̀ náà."

Ó jókòó. Ó tún dìde.

Nígbà tó fi dé hòsípítù, oòrùn ti ń lọ sílé. Ó ti to irọ́ jọ lẹ́nu: èmi ni ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn, èmi ni pásítọ̀ wọn, èyíkéyìí tó bá ti lè ṣílẹ̀kùn. Nọ́ọ̀sì tó wà nídìí tábìlì bi í lórúkọ. Ó sọ ọ́. Obìnrin náà gbé ojú sókè, ojú rẹ̀ yọ́, ó ní, "Ah, aus Berlin. Der Sohn." Ọmọ wọn tó wà ní Berlin. Ó ti dìde, ó ń mú un lọ. Dàpọ̀ rò pé ó ṣì í mú fún ẹlòmíràn ni, àmọ́ kì í ṣe ìgbà tí à ń jiyàn nìyẹn, ó tẹ̀ lé e.

Màmá wà lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ti di orúnkún rẹ̀ rìbìtì, ojú rẹ̀ ṣì ń wúwo nítorí oògùn oorun. Láìsí gèlè, orí rẹ̀ kéré, irun rẹ̀ funfun. Dàpọ̀ ò rí i bẹ́ẹ̀ rí. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sílẹ̀ẹ́lẹ̀ hòsípítù. Nọ́ọ̀sì fi igbe ta, ó rò pé ó dákú, ó ti fẹ́ tẹ agogo.

"Dìde," ni Màmá wí, ohùn rẹ̀ kò ju ti ọmọ ọwọ́ lọ. "Ṣé o fẹ́ kí wọ́n gbé ìwọ náà sórí bẹ́ẹ̀dì ni? Ta ló sọ fún ẹ?"

"Màmá, ẹ má bínú. Ẹ kú ewu, ẹ kú ìrọ́jú. Kọ̀ńténà ni."

Bó ṣe gbọ́ kọ̀ńténà, oorun dá lójú Màmá. Ó na ọwọ́ sí fóònù rẹ̀ nínú dúrọ́ọ̀ kó tó gbọ́ ẹjọ́ tán. Dàpọ̀ pe Tinúkẹ́, ó sì jẹ́ kí ohùn rẹ̀ jáde síta. Tinúkẹ́ ka kóòdù tí ẹ̀rọ gbé jáde ní Rothenburgsort, Màmá fi ìka kan tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó kan páswọ́ọ̀dù, ó wo Dàpọ̀.

"Yíjú sẹ́yìn."

Dàpọ̀ yíjú sí fèrèsé. Ó gbọ́ bí Màmá ṣe ń tẹ̀ ẹ́, ó gbọ́ bí fóònù ṣe kọ̀ ọ́. Màmá ní oògùn yẹn ti kó nǹkan lórí òun. Ó tún tẹ̀ ẹ́, fóònù tún kọ̀.

"Màmá, ẹ fara balẹ̀ o," Tinúkẹ́ ń wí, "ó lè tì pa. Wọ́n ti fẹ́ ti ìwé."

Màmá di ojú. Ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí Dàpọ̀ fi rò pé oorun ti gbé e. Ẹsẹ̀ Dàpọ̀ ń jó lábẹ́ rẹ̀, ó di fèrèsé mú kó má baà rìn. Ó gbọ́ tí Màmá ń kùn nǹkan kan sí ara rẹ̀, ó gbọ́ tí ìka ń tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà, inú fóònù ni ariwo ti ta.

"Ó ti gbà! Màmá, ó ti gbà! Ó ń gbé ìwé!"

Wọ́n gbọ́ bí ẹ̀rọ náà ṣe ń gbé ìwé mì ní Rothenburgsort, ọ̀kan tẹ̀ lé ọ̀kan, wọ́n sì tẹ́tí sí i bí ẹni ń gbọ́ orin. Nígbà tó yá, Tinúkẹ́ ní àwọn ọlọ́kọ̀ ti fèsì: wọ́n ti gba ìwé, kọ̀ńténà ń lọ. Ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Màmá ní kó lọ ti ọ́fíìsì kó lọ jẹun.

Dàpọ̀ nu ojú. Ó yẹ kó lọ báyìí, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kọjú sí ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n Màmá ń wò ó.

"Ṣé èmi nìkan ló lè fọwọ́ sí nǹkan yìí ni? Kò sí àyè fún ẹlòmíràn?"

"Àyè wà, Màmá."

"Ta wá ni ò jẹ́ kí a fi ẹnì kan sí i?"

Ojú ti Dàpọ̀ débi pé ilẹ̀ ló ń wò. "Ìbéèrè kan wà tí n ò bi yín lọ́jọ́ yẹn, Màmá. Mo fò ó. Ó ní bí ẹ ò bá sí… bí ẹ ò bá sí nítòsí, ta ni kó máa ṣe é?"

Ó ti sọ ọ́. Òrùlé ò wó.

"Tinúkẹ́ ni," ni Màmá wí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. "Ta ni ìbá tún jẹ́? Tipẹ́tipẹ́ ni mo ti ń retí kí ẹnì kan bi mí. Gbogbo yín ń sá. Ẹ máa ń ṣe bí ẹni pé bí ẹ bá bi mí, ìgbà yẹn ni màá ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé n ò bímọ. Ṣé mo gbàgbé rí ni?"

"Ẹ má bínú, Màmá."

"N ò bínú. Nọ́ọ̀sì yẹn bi mí láàárọ̀ yìí pé tí n ò bá jí, ta ni kí àwọn pè. Ó bi mí bí ẹni tó ń bi mí bóyá mo fẹ́ mu tíì. Mo sì dá a lóhùn."

"Kí lẹ sọ fún un?"

"Ta lo rò pé ó jẹ́ kí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún ẹ?" Màmá yíjú sí ògiri díẹ̀. "Mo ní ọmọ mi wà ní Berlin. Mo ní Olúdàpọ̀ ni orúkọ rẹ̀, kì í jókòó, ṣùgbọ́n bí ẹ bá pè é, á wá. Ó yẹ kí n kọ́kọ́ bi ẹ́. Ẹ̀rù ló bà mí. Ìyàwó rẹ sọ fún mi pé o ti ń wo Dublin, mo ní kí n má lọ di ẹrù sí ẹ lọ́rùn. Bí o bá ń lọ, sọ fún mi, kí n ní kí wọ́n fi ẹlòmíràn sí i. N ò ní bínú, Dàpọ̀. Òótọ́ ni mo sọ."

Gbogbo ọ̀nà tí Dàpọ̀ ti rìn láti àárọ̀, abẹ́ tábìlì, Pankow, ìdí ọkọ̀ dé orí ọkọ̀, gbogbo rẹ̀ dé sí i lẹ́sẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Omi lé ròrò sí i lójú. Ó fa àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì, ó sì jókòó.

"Ẹ fi mí síbẹ̀, Màmá," ó ní. "Ẹ má fi ẹlòmíràn sí i."

Màmá na ọwọ́ sórí ọwọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ sì tún ń wúwo. Kò pẹ́ tó fi sùn lọ, kò sì mú ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Wọ́n gbé oúnjẹ alẹ́ Màmá wá, wọ́n gbé e padà, Dàpọ̀ ò mira.

Fóònù rẹ̀ gbọ̀n nínú àpò. Ó fi ọwọ́ kejì yọ ọ́. Olúwadárasími ni.

"Papa, was machst du?" Ó ń béèrè ohun tí bàbá rẹ̀ ń ṣe.

"Mo jókòó," ni Dàpọ̀ sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, kó má baà jí Màmá.

Dàpọ̀ gbọ́ ẹsẹ̀ ọmọ náà tó ń sáré la ilé kọjá ní Wedding, tó ń pariwo fún ìyá rẹ̀ pé bàbá òun jókòó: "Mama! Mama! Papa sitzt!"